Bí Bàbá Orísun Ṣe Kọ́ Àjàrà Àna Rẹ̀ ní Látìn

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ àbùkù ọkùnrin náà, kí ẹ má baà rò pé mo fi nǹkan pamọ́. Kì í mutí. Kì í jalè. Kì í bá ará ilé jà. Ohun kan ṣoṣo tó ń dà á láàmú ni pé bí o bá la ẹnu sọ ọ̀rọ̀ kan létí rẹ̀, yóò sọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀ wá fún ọ: bàbá tó bí i, ìyá tó gbé e pọ̀n, àti ọjà tó ná kó tó dé ẹnu rẹ. Ìdí nìyẹn tí gbogbo àdúgbò fi ń pè é ní Bàbá Orísun.

Akọ̀wé kóòtù ni kó tó fẹ̀yìn tì. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló fi jókòó níwájú adájọ́, tó ń gbọ́ bí àwọn lọ́yà ṣe ń fi Látìn sọ̀kò ọ̀rọ̀ síra wọn. Kò yé e nígbà náà. Kò fi bẹ́ẹ̀ yé àwọn lọ́yà náà. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tó fẹ̀yìn tì, adájọ́ bi í pé kí ló fẹ́ mú lọ sílé fún ìrántí, ó sì nawọ́ sí ìwé atúmọ̀ èdè Látìn ńlá kan tí wọ́n fi ń dá ilẹ̀kùn dúró kí afẹ́fẹ́ má baà pa á dé. Adájọ́ ní kó máa gbé e lọ. Láti ọjọ́ náà, ilẹ̀kùn kóòtù kì í ṣí sílẹ̀ mọ́. Ẹnu Bàbá Orísun ni kì í pa dé.

Àwọn àgbà ní òwe lẹṣin ọ̀rọ̀, bí ọ̀rọ̀ bá sọnù, òwe la fi ń wá a. Ní ti Bàbá Orísun, Látìn lẹṣin ọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ ò tíì sọnù tí ẹṣin náà ti gbé e sá lọ. Onígerun bi í lọ́jọ́ kan pé, "Bàbá, báwo lẹ ṣe fẹ́ kí n gé e?" Bàbá Orísun bẹ̀rẹ̀ láti orí irun àwọn ọba Róòmù. Nígbà tó máa fi dé orí irun tirẹ̀, onígerun ti ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ti lọ sílé, apá kan orí sì wà níbẹ̀ tí abẹ ò kàn. Ó gbé orí náà kiri fún ọjọ́ méjì. Bí ẹnìkan bá sì sọ fún un pé ìwé rẹ̀ ti gbó, pé ikán ti jẹ ẹ́ létí, á rẹ́rìn-ín músẹ́, á ní, "Bí ọmọdé bá ní ìwé bí àgbà, kò lè ní èyí tí ikán jẹ bí àgbà."

Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, obìnrin, nọ́ọ̀sì ni ní ilé ìwòsàn àwọn aláboyún. Ìyá rẹ̀ ti kú. Òun àti bàbá rẹ̀ nìkan ló kù nínú ilé, ó sì fẹ́ràn bàbá náà gan-an. Mo tètè sọ èyí fún yín torí pé ó máa tó di ohun tí ẹ̀yin náà á máa ṣiyèméjì sí.

Fìlà aláwọ̀ búráùn kan wà lára ìṣó nínú pálọ̀ wọn. Ọkùnrin kan tó fẹ́ fi Nọ́ọ̀sì ṣaya ló ni ín, awọnlẹ̀, tó wá fi ara rẹ̀ han bàbá rẹ̀ ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn. Bàbá Orísun bi í léèrè iṣẹ́ tó ń ṣe. Ó ní òun ń wọn ilẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó ráyè sọ lọ́jọ́ náà nìyẹn. Láti aago mẹ́wàá àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú, orísun "wíwọ̀n" ló fi gbọ́, lẹ́yìn náà orísun "ilẹ̀." Nígbà tó yá, ó ní òun fẹ́ lọ tọ̀ lẹ́yìnkùlé. Wọ́n ní odi lẹ́yìnkùlé yẹn ga, ṣùgbọ́n awọnlẹ̀ ni, ó mọ bí nǹkan ṣe ga tó. Kò padà wá mú fìlà rẹ̀ títí di òní.

Ọkọ àfẹ́sọ́nà tó tún dé ní tiẹ̀ kì í dé fìlà. Ọmọ oníbúrẹ́dì ni, òun àti bàbá rẹ̀ ló jọ ń ṣe búrẹ́dì, ooru ààrò kì í sì í jẹ́ kí ènìyàn fi nǹkan bo orí. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni. Nọ́ọ̀sì fẹ́ràn rẹ̀ débi pé ẹ̀rù ń bà á. Ó máa ń wo ìṣó tó wà lára ògiri yẹn, á sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé eléyìí ò tilẹ̀ ní nǹkan kan tó máa fi sílẹ̀. Bó bá lọ, á kàn lọ ni.

Ìgbéyàwó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà nígbà tí ìdílé oníbúrẹ́dì ránṣẹ́ pé kí bàbá ìyàwó wá jẹun lọ́dọ̀ wọn, kí wọ́n lè mọra. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, bí Bàbá Orísun ti ń de bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀, ọmọ rẹ̀ wá dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ bẹ̀ yín ní nǹkan kan."

"Kí ni?"

"Lónìí nìkan. Ẹ kí wọn, ẹ jẹun, ẹ yin búrẹ́dì wọn. Ẹ má sọ ibi tí ọ̀rọ̀ kankan ti wá fún ẹnikẹ́ni."

"Ọ̀rọ̀ kankan?"

"Kankan, Bàbá."

Bàbá Orísun de bọ́tìnnì kan, ó tún tú u. "Bí wọ́n bá bi mí ńkọ́?"

"Wọn ò ní bi yín."

"Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá bi mí."

Nọ́ọ̀sì rò ó. Ta ló máa bi àna rẹ̀ léèrè Látìn lọ́jọ́ àkọ́kọ́? Ó ní, "Tí wọ́n bá bi yín, ẹ dáhùn."

"Mo gbọ́," ni bàbá rẹ̀ wí, ó sì búra. Kò fi bẹ́ẹ̀ dùn ún, torí pé ó ní ibòmíràn tó fojú sí. Ó ti kọ ọ̀rọ̀ tí bàbá ìyàwó máa sọ lọ́jọ́ ìgbéyàwó sílẹ̀: ojú ìwé mọ́kànlá, kò sì tíì kan orúkọ ìyàwó.

Lẹ́yìn ilé oníbúrẹ́dì ni wọ́n gbà wọ́n lálejò, ní àgbàlá kan láàárín ilé àti yàrá ààrò. Igi àjàrà kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Ìdí rẹ̀ tó itan àgbàlagbà. Ó gun òpó, ó tẹ́ ara rẹ̀ sórí àtíbàbà onírin tí wọ́n ṣe fún un, ó sì bo àgbàlá náà láti igun dé igun débi pé ní ọ̀sán gangan, ènìyàn á fẹ́rẹ̀ẹ́ tan iná kó tó lè ka ìwé. Èso tútù rọ̀ kalẹ̀ níbi gbogbo, ó kù díẹ̀ kó gbó. Abẹ́ àjàrà yìí ni wọ́n ti fẹ́ ṣe àpèjẹ ìgbéyàwó.

"Ìyá mi ló gbìn ín," ni oníbúrẹ́dì wí, ó rọra ń sọ̀rọ̀, torí ìyá náà ń sùn lórí àga onítìmùtìmù kan ní àárín àgbàlá gan-an. "Lọ́sẹ̀ tí wọ́n fẹ́ wọn wọlé yìí ni wọ́n gbìn ín. Ibí ni wọ́n ti ń sùn lọ́sàn-án, lójoojúmọ́. Wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rẹ́ ẹ, àwọn fúnra wọn ló ń rẹ́ ẹ. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, àwọn àlejò á kàn máa nawọ́ sókè, wọ́n á máa já a jẹ."

Ìyá Àgbà ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ó sùn fọnfọn, ó ká ọwọ́ lé ikùn, òjìji àjàrà sì bò ó bí aṣọ.

Bàbá Orísun ṣe dáadáa. Ẹ jẹ́ ká fún un ní ohun tó jẹ́ tirẹ̀. Wọ́n gbé búrẹ́dì gbígbóná wá, ó sì mọ ohun tí àwọn ará Róòmù ń pe búrẹ́dì, ó mọ ọ̀rọ̀ méje tó ti ibẹ̀ wá, ṣùgbọ́n ó fi búrẹ́dì dí ẹnu ara rẹ̀. Wọ́n dárúkọ iyọ̀. Ó gbé omi mu. Wọ́n dárúkọ ìgbéyàwó. Òógùn bo iwájú orí rẹ̀. Ogójì ìṣẹ́jú kọjá. Inú Nọ́ọ̀sì ti ń balẹ̀. Ó tilẹ̀ rẹ́rìn-ín sí ọkọ àfẹ́sọ́nà rẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ẹ̀ka gbígbẹ kan yọ orí láti òkè, ó ń gún Bàbá Orísun lórí nígbà gbogbo tó bá gbé orí sókè. Ojú ti oníbúrẹ́dì pé àjàrà òun ń gún àna. Ó mú àlùmọ́gàjí ọlọ́gbà tó wà lójú fèrèsé, ó ní, "Ẹ má bínú, ẹ jẹ́ kí n bá yín rẹ́ ẹ kúrò."

Nọ́ọ̀sì rí i tí ètè bàbá rẹ̀ gbọ̀n.

"Putare," ni Bàbá Orísun wí, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lójú oorun.

Oníbúrẹ́dì jẹ́ ènìyàn tó ní ẹ̀kọ́ ilé. Bí àna bá sọ ọ̀rọ̀ tí kò yé e, ó yẹ kó bèèrè. Ó tẹ orí ba, ó ní, "Ẹ ní kí ni, àna wa?"

Bàbá Orísun yíjú sí ọmọ rẹ̀. "O gbọ́," ó wí. "Wọ́n bi mí."

Ó sì dìde dúró.

"Ọ̀rọ̀-ìṣe ni, ti Látìn. Àwọn tó kọ́kọ́ lò ó kì í ṣe akọ̀wé, àgbẹ̀ ni wọ́n, bíi tèmi tiyín. Ìtumọ̀ mẹ́ta ló ní. Ìkíní, kí a sọ nǹkan di mímọ́. Ìkejì, kí a rẹ́ ẹ̀ka àjàrà, torí pé bí o bá rẹ́ ẹ, o sọ ọ́ di mímọ́. Ẹ yá mi ní àlùmọ́gàjí yẹn, kí n fi hàn yín."

Wọ́n yá a. Ó gé ẹ̀ka gbígbẹ náà, ó gé e dáadáa. Bó bá dúró síbẹ̀, ìtàn ti tán nìyẹn, èmi náà ì bá ti lọ jẹun. Ṣùgbọ́n ìyàwó oníbúrẹ́dì pàtẹ́wọ́, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, àna wa! Ọwọ́ yín mọ́ tónítóní!"

Ẹni tó bá yin Bàbá Orísun ti ra ọ̀ràn. Ó na ọwọ́ sókè, ó gé ẹ̀ka kejì, èyí tó tutù.

Ẹ sì mọ bí ọ̀rọ̀ àna ṣe rí. Àna kì í ṣe ẹni à ń sọ fún pé ó tó gẹ́ẹ́. Bí àna rẹ bá jókòó lé ọ lẹ́sẹ̀, ńṣe lo máa bi í bóyá ibẹ̀ rọ̀ ọ́n lọ́rùn. Oníbúrẹ́dì wo ẹ̀ka tútù tó wà nílẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣeun, àna wa."

"Ẹ fi ọkàn sí i," ni Bàbá Orísun wí. "A ò tíì dé orí ìtumọ̀ kẹta. Òun gan-an ló dùn jù. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ kí àwọn ọmọ rẹ̀. Kọ̀ǹpútà! Ta ló rò pé ọmọ àgbẹ̀ ni kọ̀ǹpútà? Putare ló bí i!" Ó gé ẹ̀ka kan fún kọ̀ǹpútà. "Dẹ́pútì, igbákejì ọ̀gá níbi iṣẹ́! Putare ló bí òun náà!" Ó gé òmíràn fún dẹ́pútì.

Níbi tí ènìyàn mìíràn ti máa ń mí láàárín ọ̀rọ̀, ibẹ̀ ló ti ń gé. Gbólóhùn kékeré, ẹ̀ka kékeré. Gbólóhùn ńlá, ẹ̀ka ńlá. Bàbá Orísun kì í sì í sọ gbólóhùn kékeré.

Ìtànṣán oòrùn kan wọlé, ó tó ojú owó kan, ó jókòó sórí ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàtà Ìyá Àgbà. Nọ́ọ̀sì ló kọ́kọ́ rí i.

"Bàbá," ó pè é.

"Mo ń bọ̀, kò tíì kan ìtumọ̀ kẹta. Ọkọ ọmọ mi, ẹ ò ní àkàbà nínú ilé yìí?"

Ọmọ oníbúrẹ́dì wo bàbá rẹ̀. Bàbá rẹ̀ wo ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ wo ilẹ̀. Ta ló máa sọ fún bàbá ìyàwó, nígbà tí ìgbéyàwó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, pé kò sí àkàbà, nígbà tí àkàbà náà wà lára ògiri lójú gbogbo ayé? Ó lọ gbé e wá. Ó tún dì í mú, kí àna má baà ṣubú.

Igi gogoro má gún mi lójú, òkèèrè ni wọ́n ní ká ti máa wò ó. Bàbá Orísun gun orí àkàbà lọ bá a.

"Àna wa, ẹ ò fẹ́ mumi?" ni ìyàwó oníbúrẹ́dì bèèrè.

"Ẹ gbé e síbẹ̀."

"Ẹ ò fẹ́ sinmi díẹ̀?"

"Kì í rẹ ẹni tó ń kọ́ni."

Oòrùn ti gba bàtà Ìyá Àgbà, ó ti dé orúnkún rẹ̀. Oníbúrẹ́dì kò lè fara dà á mọ́. Ó wá gbogbo agbára rẹ̀ jọ, ó nàka sí ẹ̀ka kan tó so ìdì èso méje, ó ní, "Àna wa, ìyẹn... ìyẹn dára púpọ̀, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?" Nínú ilé yẹn, ìyẹn ni ìbínú tó le jù tí wọ́n lè fi han àna.

"Ó dára púpọ̀," ni Bàbá Orísun wí, ó sì wò ó pẹ̀lú ìfẹ́.

"Bàbá, ó tó!" ni Nọ́ọ̀sì ké.

"Ẹ gbọ́ ọmọ mi! Nọ́ọ̀sì ni. Ó rán mi létí. Ámpútéètì, ọ̀rọ̀ tí àwọn dókítà fi ń pe kí wọ́n gé ẹsẹ̀ aláìsàn dànù, ọmọ-ọmọ putare ni!"

Ó sì gé ẹ̀ka náà. Ó bọ́ sínú àwo búrẹ́dì, tòun ti ìdì méjèèje. Ìyàwó oníbúrẹ́dì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ewé kúrò lára búrẹ́dì, ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń sọ pé, "Ẹ ṣeun o. Ẹ ṣeun. Ó pọ̀ o." Ó wu Nọ́ọ̀sì kí ilẹ̀ lanu. Ó ronú nípa odi tó wà lẹ́yìnkùlé àwọn, ó sì wo odi àgbàlá yìí, ó rí i pé kò ga púpọ̀.

Ẹyin lọ̀rọ̀ fún àwa yòókù, bó bá balẹ̀, ó fọ́. Fún Bàbá Orísun, adìyẹ tó ń pamọ ni. Nígbà tó máa fi kí ọmọ putare tán, tó kí ọmọ-ọmọ, tó kí àwọn tó lọ sájò, ẹ̀ka ńlá mẹ́rin ní ìhòòhò ló kù lórí irin àtíbàbà, oòrùn sì ti gun àyà Ìyá Àgbà, ó gba àgbọ̀n rẹ̀, ó dé imú.

Ìyá Àgbà sín.

Gbogbo ènìyàn dákẹ́. Àní Bàbá Orísun pàápàá dákẹ́, torí ó fẹ́ kí i.

Ìyá Àgbà la ojú kan, ó tún dì í. Ó la ìkejì. Ó ní, "Ta ló ṣí òrùlé?"

Gbogbo ojú lọ sórí àkàbà.

"Oníbúrẹ́dì, mo ní ta ló ṣí òrùlé?"

"Àna wa ni, Màmá," ni ọmọ rẹ̀ wí, ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. "Bàbá ìyàwó. Wọ́n ń... wọ́n ń kọ́ wa ní Látìn."

Ìyá Àgbà wo òkè. Ó wo ilẹ̀, níbi tí ewé ti dé ọrùn ẹsẹ̀. Ó wo ọkùnrin tó wà lórí àkàbà.

"Wọ́n ti kọ́ yín tán?"

"Ó ku ìtumọ̀ kẹta, mà," ni Bàbá Orísun wí láti òkè.

"Ẹ dúró," ni Ìyá Àgbà wí. "Kí ẹ tó sọ tiyín, ẹ gbọ́ tèmi. Ọkùnrin tó fún mi ní igi yìí kò mọ̀wé. Ó ní, ọmọ mi, má fọwọ́ kàn án nígbà tó bá léwé lórí. Nígbà tí ewé bá wọ́ tán, gbé àga lọ sábẹ́ rẹ̀ láàárọ̀. Má mú àlùmọ́gàjí. Jókòó, kí o máa wò ó. Èwo ló so lọ́dún tó kọjá? Èwo ló máa so lọ́dún tó ń bọ̀? Èwo ló kàn ń ṣe fújà? Bí ọ̀sán bá pọ́n tí o ò tíì mọ̀, lọ jẹun, kí o padà wá lọ́la. Ó ní ìrònú ọjọ́ mẹ́ta ni, àlùmọ́gàjí ìṣẹ́jú márùn-ún. Bí mo ṣe ń ṣe é láti ọjọ́ náà nìyẹn."

Bàbá Orísun fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ju ọwọ́ méjèèjì sókè, ọmọ oníbúrẹ́dì sì sáré di àkàbà mú dáadáa.

"Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ nǹkan tí Màmá sọ! Ìtumọ̀ kẹta nìyẹn! Kí a ronú! Láti orí rírẹ́ àjàrà ni àwọn ará Róòmù ti mú ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń pe ìrònú! Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń ka ojú ìwé yẹn, mi ò mọ ìdí rẹ̀ rí, ìwé náà ò sọ ọ́! Kéèyàn kọ́kọ́ wò ó! Kó rò ó! Kó tó..."

Ibẹ̀ ló dákẹ́ sí. Ó wo àlùmọ́gàjí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo òkè, ojú ọ̀run ló rí, kedere, kò sí ewé kan. Ó wo ìsàlẹ̀, ó rí ojú ọmọ rẹ̀.

Ó sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàbà náà, ìgbésẹ̀ kan lẹ́ẹ̀kan, kò sọ orísun nǹkan kan.

Nọ́ọ̀sì ti sá wọ yàrá ààrò. Ó jókòó sórí àpò ìyẹ̀fun, ó ń sunkún. Ilẹ̀kùn ṣí, ọmọ oníbúrẹ́dì wọlé.

"Má sọ nǹkan kan," ni Nọ́ọ̀sì wí. "Mo ti mọ̀. Ìwọ náà máa lọ."

"Lọ síbo? Ilé wa nìyí."

Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu Nọ́ọ̀sì, ó sì ń bínú sí ẹ̀rín náà. "Bàbá mi ba ilé yín jẹ́."

"Èmi ni mo di àkàbà mú," ni ọkùnrin náà wí. Ó jókòó tì í lórí àpò ìyẹ̀fun kejì. Nígbà tí wọ́n dìde, funfun ni ìdí àwọn méjèèjì.

Nígbà tí wọ́n padà sí àgbàlá, oníbúrẹ́dì ṣì ń sọ pé, "Kò burú, àna wa. Kò burú rárá. Afẹ́fẹ́ tilẹ̀ ń wọlé dáadáa báyìí."

"Ó burú," ni Ìyá Àgbà wí.

Gbogbo ènìyàn mí kanlẹ̀. Ó pẹ́ tí wọ́n ti ń dúró de ẹni tó máa sọ ọ́.

"Ọjọ́ ìgbéyàwó ò yẹ̀," ni Ìyá Àgbà ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Ọmọ yìí ò fọwọ́ kan àlùmọ́gàjí, mo fẹ́ràn rẹ̀. Ibí yìí náà la ti máa ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹni tó kó ìbòòji mi lọ ló máa mú ìbòòji mi wá."

"Màá wá háyà kánópì, mà," ni Bàbá Orísun wí. Ohùn rẹ̀ ti di kékeré. "Kánópì ńlá."

"Ẹ háyà rẹ̀ fún àwọn àlejò. Èmi ò jókòó sábẹ́ kánópì, ó máa ń mú ooru. Agboòrùn ni mo fẹ́. Ẹ̀yin lẹ máa dì í mú."

Bẹ́ẹ̀ ló rí. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, oòrùn yọ bí ẹni tí wọ́n fún ní ìwé ìpè. Àwọn àlejò wà lábẹ́ kánópì, wọ́n ń fi ìwé ètò fẹ́ra. Ní àárín àgbàlá, lábẹ́ irin àtíbàbà tí ewé wẹ́wẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ lára rẹ̀, Ìyá Àgbà jókòó sórí àga onítìmùtìmù rẹ̀, bàbá ìyàwó sì dúró lẹ́yìn rẹ̀ nínú aṣọ tuntun, ó fi ọwọ́ méjèèjì di agboòrùn dúdú kan mú. Agboòrùn náà tóbi, ó sì wúwo. Ojú ìwé mọ́kànlá wà nínú àpò àyà rẹ̀.

Olóòtú ètò gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ó ní, "Ó kan bàbá ìyàwó wa láti sọ̀rọ̀!"

Nọ́ọ̀sì di ọwọ́ ọkọ rẹ̀ mú.

Wọ́n gbé ẹ̀rọ náà lọ bá Bàbá Orísun. Ó mú ọwọ́ kan kúrò lára agboòrùn láti gbà á. Agboòrùn tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Oòrùn, àna wa," ni Ìyá Àgbà wí.

Ó tún un ṣe. Ó gbìyànjú láti fi èjìká ti ọ̀pá rẹ̀, kó lè ráyè yọ ìwé nínú àpò. Agboòrùn tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kejì.

"Oòrùn, àna wa."

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n jọ ṣe báyìí, àwọn àlejò sì ń wò wọ́n. Ní ìkẹyìn, Bàbá Orísun tẹ ẹnu mọ́ ẹ̀rọ tí olóòtú ètò dì mú fún un, ó wo ọmọ rẹ̀, ó ní, "Ọmọ mi dára. Ẹ bá mi tọ́jú rẹ̀." Ó gbé agboòrùn padà sípò. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un débi pé inú ààrò ń dún. Àwọn tó mọ̀ ọ́n láti kóòtù ní àwọn ò gbọ́ kó sọ̀rọ̀ tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí. Nọ́ọ̀sì sunkún, ẹkún tó dára.

Ǹ bá fẹ́ kí ìtàn yìí parí síbẹ̀, kí n lè sọ pé ọkùnrin náà ti kọ́gbọ́n. Ṣùgbọ́n ọdún yípo. Ewé wọ́, Ìyá Àgbà gbé àga sábẹ́ àjàrà fún ọjọ́ mẹ́ta, ó sì gé ìwọ̀nba tó kù láti gé. Àjàrà náà wá so. Kì í ṣe síso kékeré. Ó so débi pé wọ́n fi igi ti irin àtíbàbà kó má baà wó, ìdì èso sì ń kan àwọn àlejò lórí.

Gbogbo ìdílé jókòó sábẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ ìsinmi kan, wọ́n ń jẹ ẹ́ pẹ̀lú búrẹ́dì. Bàbá Orísun wo òkè. Ó tún wò ó. Àyà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Nọ́ọ̀sì rí i, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́," ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù.

"Mi ò fẹ́ sọ̀rọ̀," ni Bàbá Orísun wí, ó sì dìde. "Ṣùgbọ́n ẹ fi ojú yín rí i. Láti ọdún tí wọ́n ti gbin igi yìí, ṣé ó so báyìí rí? Ta ló rẹ́ ẹ? Wọ́n ní mo bà á jẹ́. Putare, ẹ̀yin ènìyàn mi! Ìtumọ̀ kìíní, kí a sọ nǹkan di mímọ́..."

Ìyá Àgbà já èso kan, ó jẹ ẹ́, ó tu kóró rẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́.

"Lóòótọ́ ló so," ó wí. "Ṣùgbọ́n ọdún tí ewúrẹ́ aládùúgbò wa já wọlé, tó jẹ ẹ́ kù díẹ̀ kó kan gbòǹgbò, èso ọdún tó tẹ̀ lé e ju báyìí lọ."

Ó já òmíràn.

"Ewúrẹ́ yẹn jẹun tán, ó lọ sílé. Kò bá wa sọ nǹkan kan."